Ọmọ mi ti ṣáájú kíláàsì rẹ̀: ṣé kí n mú un lọ síléèwé àwọn ọlọ́pọlọ pípé?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi obìnrin pé ọdún 9 lóṣù tó kọjá. Láti ọmọ ọdún 4 ló ti ń dá ìwé kà. Ìṣirò tí wọ́n ń ṣe ní kíláàsì rẹ̀ báyìí, ó ti mọ̀ ọ́n láti èṣí. Bó bá ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, á máa yàwòrán sẹ́yìn ìwé, tàbí kó máa bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀, tíṣà á sì bá a wí. Ọ̀gá iléèwé wọn ní kí a mú un lọ ṣe ìdánwò àtiwọ iléèwé kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé nìkan. Ibẹ̀ náà ni wọ́n á máa gbé. Bàbá wọn ti gbà. Èmi ò tíì gbà, mi ò sì lè sọ ìdí tí ọkàn mi ò fi balẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, ti ń bi mí pé ṣé òun ò ní ọpọlọ ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 9 ni, iléèwé yẹn ò sì ní sá lọ. Ní ṣókí, bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, n kò ní mú un lọ gbé ibẹ̀ lọ́dún yìí, n kò sì ní fi í sílẹ̀ síbi tó wà bó ṣe wà. Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì tí àwọn ọ̀gá iléèwé kì í sábà dárúkọ fún òbí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jù. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń rò pé àwọn ọmọ tó yí ọmọ wọn ká ló ń fà á sẹ́yìn. Àwọn ọmọ yẹn ò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe é ni pé láti àárọ̀ tó ti wọ kíláàsì títí wọ́n fi lu agogo àtilọlé, kò sí ẹni tó bi í ní ohun tí kò mọ̀. Ẹ mú àgbàlagbà kan, kí ẹ ní kó wá máa ka ábídí fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Òun náà á yàwòrán sẹ́yìn ìwé.

Ewu ibẹ̀ kì í ṣe ti òní. Tíṣà ìṣirò ni mí tẹ́lẹ̀, kí n tó kọ́ṣẹ́ àyẹ̀wò àwọn ọmọdé, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn tó máa ń sunkún níwájú mi kì í sábà jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ọmọ ọdún 15, ọdún 16 ni wọ́n. Ìwé rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti kékeré, wọn ò kàwé mọ́jú rí, wọn ò sì kúrò ní ipò kìíní. Lọ́jọ́ tí ìṣirò kan wá kọ̀ tí kò yé wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe sí i. Ọmọ tó máa ń gbé ipò kejìlá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: á tún un kà, á bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, á pa á tì, á padà sí i lọ́la. Ẹni ipò kìíní wa ò kọ́ ìyẹn rí. Ó kàn gbà pé ọpọlọ òun ti tán ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo bá ń wo ibi tó yẹ kí ọmọ wà, n kì í kọ́kọ́ béèrè àwọn tí wọ́n jọ jókòó. Mo máa ń béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣi nǹkan láàárín ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí kò bá ṣi ohunkóhun láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń tún ṣe.

Ṣé yíyà wọ́n sọ́tọ̀ wá ni yóò tún un ṣe? Ó lè tún un ṣe, ó sì lè má tún un ṣe. Lọ́dún 2005, Esther Duflo, Pascaline Dupas àti Michael Kremer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni wọ́n, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 121 lápá ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà. Wọ́n fi olùkọ́ kan kún ti kíláàsì kìíní níbẹ̀, kí kíláàsì náà lè di méjì. Ní bí ìdajì àwọn iléèwé yìí, èsì ìdánwò ni wọ́n fi pín àwọn ọmọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ́tọ̀, àwọn yòókù lọ́tọ̀. Ní ìdajì kejì, bó ṣe bá ni wọ́n pín wọn. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn iléèwé tó fi ìdánwò pín kíláàsì ló ṣe dáadáa jù, àtọmọ òkè àtọmọ ìsàlẹ̀. Ọmọ ìsàlẹ̀ náà o, àwọn tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù pé a ó gbàgbé wọn sẹ́yìn! Nígbà tí àwọn ọmọ tó wà níwájú olùkọ́ bá sún mọ́ra, ó ṣeé ṣe fún un láti bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dé.

Ẹ wá wo èkejì. Ní Boston àti New York, àwọn iléèwé kan wà tí ìdánwò nìkan ni wọ́n fi ń wọ̀ wọ́n, tí àwọn òbí ń forí ṣe fọrùn ṣe nítorí wọn. Atila Abdulkadiroğlu, Joshua Angrist àti Parag Pathak tẹ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2014. Wọ́n fi àwọn ọmọ tó fi máàkì díẹ̀ wọlé wé àwọn tí máàkì díẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Àwọn ọmọ méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lọ́jọ́ ìdánwò. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, èsì wọn ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Orúkọ iléèwé yàtọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ yàtọ̀, àmọ́ èsì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí èmi ṣe lóye ìwádìí méjèèjì, ní Kẹ́ńyà, ohun tí olùkọ́ ń kọ́ ló yí padà. Ní àwọn ìlú méjì yẹn, ohun tó yí padà jù fún ọmọ tó fi díẹ̀ wọlé ni àwọn tí wọ́n jọ jókòó.

Nígbà tí Saiying Steenbergen-Hu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí bí ọgọ́rùn-ún ọdún jọ lọ́dún 2016, ibi kan náà lọ̀rọ̀ já sí. Kí wọ́n kàn pín ọmọ sí kíláàsì A, B àti C fún gbogbo iṣẹ́, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ láti kíláàsì tó yàtọ̀ síra jọ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ dé ibì kan náà nínú rẹ̀, ìyẹn lérè. Kí wọ́n ní ètò pàtàkì fún àwọn tó ti ṣáájú gan-an, níbi tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti yàtọ̀, ìyẹn náà lérè. Fífo kíláàsì sì lérè púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Fífo kíláàsì, ohun àtijọ́ tí àwọn òbí wa mọ̀. Òun ni ọ̀nà tí mo ń wí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Wọn ò ní kí a lọ kọ́ ilé mìíràn fún àwọn ọmọdé tó mọ ọwọ́ wẹ̀.

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ pé odindi kíláàsì ni ọmọ máa fò. Ẹ gbọ́ ti Terence Tao, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Ọsirélíà tí wọ́n bí lọ́dún 1975. Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 8, ó ṣì ń lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ fún apá kan ọjọ́, iléèwé girama ló ń lọ fún ìṣirò. Wọn ò gbé e lọ sí ibi kan náà fún gbogbo iṣẹ́. Iṣẹ́ tó ti ṣáájú, wọ́n gbé e lọ síwájú nínú rẹ̀. Èyí tó bá ẹgbẹ́ mu nínú rẹ̀, ó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́. Ó ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìdíje ìṣirò àgbáyé àwọn ọmọ iléèwé lọ́dún 1986, 1987 àti 1988, ó gba àmì ẹ̀yẹ bàbà, fàdákà, lẹ́yìn náà wúrà. Wọ́n fún un ní Fields Medal, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ ìṣirò, lọ́dún 2006. N kò sọ pé bí ọmọ yín ṣe máa rí nìyẹn o (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé irú ìrètí bẹ́ẹ̀ lé ọmọ ọdún 9 lórí). Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọmọ tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, wọ́n lo ilé tó ti wà nílẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: “Ṣé kò ní dá wà láàárín àwọn tó jù ú lọ? Ṣé kò ní ba ọkàn rẹ̀ jẹ́?” Gbogbo ìyá ló ń béèrè rẹ̀, àwọn tíṣà náà sì ń fi dẹ́rù bà wọ́n. Ní 1971, Julian Stanley bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́pasẹ̀ àwọn ọmọ tí ìṣirò yé ju ẹgbẹ́ wọn lọ, ní Yunifásítì Johns Hopkins. Àwọn tí ìwádìí náà ń tẹ̀ lé ti lé ní 5,000, Camilla Benbow àti David Lubinski ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2021, wọ́n tẹ èsì jáde nípa àwọn tó lé ní 1,600 nínú wọn, tí wọ́n ti di ẹni àádọ́ta ọdún. Wọ́n wo ìfọ̀kànbalẹ̀ àwọn tó fo kíláàsì tàbí tó tètè gba iṣẹ́ tó ga, wọ́n fi wé ti àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí ibi tí fífo kíláàsì ti pa wọ́n lára.

Síbẹ̀, òwe kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí tí ojú ń kán: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ yín lè ṣe ìṣirò ọmọ ọdún 12. Kò túmọ̀ sí pé á gba èébú bí ọmọ ọdún 12 ṣe ń gbà á, tàbí pé ọwọ́ rẹ̀ á yá láti kọ̀wé bí tiwọn. Mo ti ṣàṣìṣe lórí èyí rí. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 8, mo ní kí wọ́n gbé e fo kíláàsì méjì pọ̀. Gbogbo ohun tí olùkọ́ ń sọ ló yé e, àmọ́ bí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ ojú ìwé méjì, ọwọ́ rẹ̀ ò bá wọn mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ pé inú ń run òun kó má bàa lọ síléèwé. Oṣù mẹ́rin kọjá kí a tó mọ̀ pé ọwọ́ ló jẹ́, pé kì í ṣe ọpọlọ. Bí a bá ti gbé e lọ fún ìṣirò nìkan, kò bá má sí wàhálà.

Nítorí náà, ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé tí ọmọ wà báyìí. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lo ìdánwò ìparí ọdún ti kíláàsì rẹ̀, ti èyí tó tẹ̀ lé e, àti ti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ibi tó bá ti ń gba bí ìdajì ni ibi tó yẹ kó ti máa kẹ́kọ̀ọ́. Ó lè jẹ́ kíláàsì méjì síwájú nínú ìṣirò, ọ̀kan nínú ìwé kíkà, kó sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló bá mu nínú ìwé kíkọ. Wọ́n á ní wákàtí ìṣirò kíláàsì méjèèjì kò bára mu. Èsì tí wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ wákàtí ṣeé sún. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì ti sọ fún ọmọ ṣáájú pé bó bá padà sí kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn náà, kò pàdánù nǹkan kan. Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tó bá ku ọdún méjì kó jáde, tí kò bá sí kíláàsì tó ga ju èyí tó wà mọ́. Àwọn iléèwé kì í ronú dé ibẹ̀.

Ní ti iléèwé ọ̀tọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dì pọ̀ fún yín bí ẹyọ kan: ṣé kó lọ síbi tí iṣẹ́ ti le, àti ṣé kó kúrò nílé. Mo fura pé èkejì ni kò jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ ò sì jẹ̀bi. Nígbà tí Andrey Kolmogorov, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò tó ga jù ní ọ̀rúndún ogún, ṣètò iléèwé tí ọmọ ti ń gbé fún ìṣirò àti físíìsì ní Moscow lọ́dún 1963, àwọn ọ̀dọ́langba tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn iléèwé ni wọ́n kó síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ ọdún 9. Síngápọ̀ ń yan àwọn ọmọ tirẹ̀ ní bí ọdún 9 láti 1984, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí iléèwé mélòó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìjọba wọn kéde pé àwọn yóò yí i padà: kí àwọn ọmọ náà máa wà ní iléèwé tiwọn, kí iléèwé kọ̀ọ̀kan ní ètò fún wọn, kí àwọn tó bá sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa pàdé lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe ti àtẹ̀yìnwá kí wọ́n tó yà sí èyí.

Ìgbà wo ni èmi yóò sọ pé ẹ mú un lọ? Miraca Gross tọ́pasẹ̀ ọmọ 60 ní Ọsirélíà, àwọn ọmọ tó jẹ́ pé bóyá ni tíṣà kan á rí irú wọn lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tì mọ́ kíláàsì ẹgbẹ́ wọn nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló dá wà, àwọn kan tilẹ̀ ń díbọ́n pé àwọn ò mọ̀wé kí wọ́n lè rí ọ̀rẹ́. Bí ọmọ yín bá ti fi kíláàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú nínú gbogbo iṣẹ́, bí kò bá ní ẹnì kan tí wọ́n jọ ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, tí iléèwé sì kọ̀ láti gbé e lọ sókè, á jẹ́ pé kó lọ. Àmọ́ ẹ sọ fún mi pé ó máa ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn létí tèmi. Ó ní ọ̀rẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo ibẹ̀, ẹ má wo ilé wọn tàbí àwọn ife ẹ̀yẹ tí wọ́n tò sí ọ́fíìsì. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé iṣẹ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta hàn yín. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kan náà tí wọ́n ń ṣe ní iléèwé yín, àmọ́ tó pọ̀ sí i, ẹ padà sílé. Ogójì ìṣirò tó rọrùn ò le ju ogún lọ. Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá ṣubú sí ipò ìkẹyìn. Herbert Marsh ti fi hàn láti àwọn ọdún 1980 pé ọmọ tó wọ àárín àwọn akọni máa ń fojú kéré ara rẹ̀ ju ọmọ tí ọpọlọ wọn jẹ́ ọgbọọgba tó wà ní iléèwé lásán. Ó fi ẹja ńlá inú adágún kékeré ṣàpèjúwe rẹ̀. Fún ọmọ kan, á kàn dín fújà rẹ̀ kù. Fún òmíràn, ìwé náà á sú u pátápátá. Ẹ̀yin lẹ mọ irú èyí tí tiyín jẹ́.

Ó ku àbúrò rẹ̀, èyí tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Lọ́dún 1921, Lewis Terman bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé ní Califóníà, ó sì kó iye tó lé ní 1,500 jọ. Wọ́n dán William Shockley wò nígbà náà, kò yege. Wọ́n dán Luis Alvarez wò, òun náà ò yege. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, ọ̀kan ní 1956, èkejì ní 1968. Kò sí ìkankan nínú àwọn tí Terman yàn tó gbà á. Ohun tí ìdánwò ọmọdé ń wọ̀n ni ibi tí ọmọ dé lọ́jọ́ náà, oṣù tí wọ́n bí i pàápàá sì wà nínú rẹ̀: ọmọ tó dàgbà jù ní kíláàsì ni wọ́n tètè ń pè ní ọlọ́pọlọ. Ojú òbí àti ti tíṣà tún máa ń tàn wọ́n jẹ. Ní àgbègbè kan ní Florida, tíṣà àti òbí ló ń yan ẹni tó máa ṣe ìdánwò títí di ọdún 2005, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdánwò kékeré kan yẹ gbogbo ọmọ kíláàsì kejì wò. David Card àti Laura Giuliano rí i pé iye àwọn ọmọ tálákà àti ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n yàn fò sókè gan-an. Orí àwọn ọmọ náà ti pé tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n ni.

Àbúrò yìí, ọmọ ọdún 7, ti gbọ́ “ọlọ́pọlọ” nínú ilé tó bẹ́ẹ̀ tó ti fi ara rẹ̀ sí òdìkejì. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ilé. Ẹ máa sọ pé “ẹ̀gbọ́n rẹ ti parí ìwé ìṣirò kẹta, ó ń lọ sí ìkẹrin.” Ìyẹn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, òtítọ́ sì ni. Bó bá tún bi yín, ẹ bi í padà pé kí ló ń ṣe lọ́wọ́ tó le fún un, kí ẹ jókòó tì í lórí rẹ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá wọn. Ẹ ní mo ní wọn ò ṣì í láti fẹ́ ibi tí iṣẹ́ ti le fún ọmọ wọn. Ibùsùn níbòmíràn ni ká ṣì fi sílẹ̀. Kí àwọn náà bá yín lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, torí wọ́n tètè ń sún wákàtí ìṣirò nígbà tí òbí méjèèjì bá jókòó síwájú wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ ohun tí ọmọ náà ṣì.